Ó Ta Á Ni, Kò Bù Ú Ṣán

Ajá a máa gé ni jẹ, ejò a máa bu ni ṣán, oyin àti àkéekèé a máa ta ni. Ọmọ tó gbọ́ Yorùbá kì í ṣi ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lò. Ìgbà tí a bá kan ẹran tí kò sí nítòsí wa ni àwa akọ̀wé ń kọsẹ̀. Ẹ wo ìgbín òkun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Conus, tí ìkarahun rẹ̀ ṣe ṣóńṣó bí òkòtó. Eyín ló fi ń pa ẹran jẹ. Nítorí pé eyín ni, ó máa ń yá ènìyàn lára láti kọ pé ó bu apẹja ṣán.

Iṣẹ́ tí eyín bá ṣe ni ọ̀rọ̀-ìṣe wa ń tẹ̀lé. Ìgbín oko ní eyín wẹ́wẹ́ lórí ahọ́n, ó sì fi ń họ ewé jẹ. Owó ẹyọ náà, ìgbín òkun ni kí wọ́n tó kó o wá láti Maldives. Eyín 7 ló wà ní ìlà kọ̀ọ̀kan lórí ahọ́n rẹ̀. (Ohun ṣágiṣàgi tó wà lẹ́nu ìkarahun rẹ̀, tí ẹ ń rí bí olórìṣà bá da ẹẹ́rìndínlógún, kì í ṣe eyín rárá. Ara ìkarahun ni.) Nípa àwọn yìí, "họ" tàbí "ha" ló tọ́.

Ti Conus yàtọ̀. Eyín rẹ̀ kọ̀ọ̀kan dá dúró, ó gùn, ihò sì wà nínú rẹ̀ tí oró ń gbà kọjá. Ibi tó ń kó wọn pamọ́ sí, èmi kò ní pè é ní àpò. Apó ni, bíi ti ọlọ́fà. Bí ẹran bá sún mọ́ ọn, yóò fa eyín kan yọ láti inú apó, yóò na ẹnu rẹ̀ gígùn, yóò sì fi ta á. Eyín tó bá ti lò, ó lò ó tán nìyẹn. "Ta" tí a ń lò fún ọfà ni a ń lò fún oyin. Ti ìgbín yìí gba méjèèjì.

Síbẹ̀, ìbátan ni àwọn Conus, ṣùgbọ́n ìta wọn kò dọ́gba. Ẹja ni Conus striatus ń jẹ. Eyín rẹ̀ gùn, ó sì ní ìkọ́ lẹ́nu. Bó bá ta ẹja tán, á di ìdí eyín náà mú, á wọ́ ẹja náà títí wọ ẹnu. Ẹni tó bá kọ "ta" nìkan síbẹ̀ ti fi "fi ìkọ́ kọ́" àti "wọ́" sílẹ̀. Ìgbín ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni Conus textile ń jẹ ní tirẹ̀. Kì í di eyín mú. Ó lè ta ẹran kan léraléra, eyín tuntun nígbà kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń jẹ aràn òkun ló pọ̀ jù nínú ẹbí náà, eyín wọn sì sábà máa ń kúrú ju ti àwọn tó ń jẹ ẹja. Conus geographus, tó ti pa ènìyàn rí, lè la ẹnu gbàràgàdà kó kọ́kọ́ gbé ẹja sẹ́nu kó tó ta á.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé àmì. Ẹni tó bá kọ "eyin igbin" gbálaṣá, ẹyin tí ìgbín ń yé sínú ilẹ̀ ni òǹkàwé yóò rò.

Ẹ má sì pe oró ní májèlé. Májèlé ni à ń jẹ tàbí mu. Oró ni ẹran ń ta síni lára. Oró Conus magus ni àwọn onímọ̀ wò ṣe ziconotide, oògùn ìrora tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2004. Nítorí náà, akọ̀ròyìn tó bá fẹ́ kó gún, kó kọ ọ́ báyìí: "Ìgbín òkun fi eyín ta apẹja lọ́wọ́, oró rẹ̀ sì pa á."