Iná Ìdájí fún Adìyẹ Ẹlẹ́yin

Ìbéèrè: Wọ́n ní kí n máa tan iná fún adìyẹ mi mọ́jú kí ẹyin lè pọ̀. Ṣé òótọ́ ni? (Òǹkàwé kan, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n mọ́jú kọ́. Ìmọ́lẹ̀ máa ń gba agbárí adìyẹ dé inú ọpọlọ rẹ̀, ibẹ̀ ni àṣẹ ti ń jáde pé kó yé. Wákàtí 14 sí 16 ló ń fẹ́ lójúmọ́, ojúmọ́ tiwa kò sì ju bíi 12 lọ. Ẹ máa fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ìdájí ni mo fara mọ́ jù, nítorí wọ́n á ti jẹun yó kí ooru tó mú. Iná tí ẹ fi lè rí oúnjẹ inú ọpọ́n wọn kedere ti tó. Bó bá pọ̀ jù, wọ́n á máa ṣá ara wọn nídìí. Èyí tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ 18, ẹ má fi iná kán an lójú yíyé, kí ìdí rẹ̀ má baà yọ síta.

Ẹ lè ní iná ìjọba kò ṣeé gbọ́kàn lé. Ìdí nìyẹn gan-an tí gílóòbù sólà kékeré fi dára jù, nítorí bí ìmọ́lẹ̀ bá dín kù lójijì, wọ́n lè dáwọ́ yíyé dúró, kí ìyẹ́ wọn sì máa re. Àmọ́ bí ẹyin bá já wálẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì, tí èèpo rẹ̀ rọ̀, tàbí tí wọ́n ń sín, ẹ pe dókítà ẹran kíákíá; ìyẹn ti kọjá ọ̀rọ̀ iná.