Ẹ Wo Etí Fọ́tò Kí Ẹ Tó Wo Ẹ́ńjìnnì

Ẹ̀yin ọmọ Lísàbí tí ẹ ń kó fọ́tò àtijọ́ rélùwéè jọ, mo ti rí iṣẹ́ yín, ó sì wú mi lórí. Ẹ ń tú àpótí àwọn bàbá àgbà, ẹ ń wo abẹ́ ibùsùn àwọn ìyá opó, ẹ sì ń kó ohun tí eku ìbá ti jẹ jáde síta. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo fẹ́ bá yín wí. Ẹ fẹ́ràn ẹ́ńjìnnì jù. Bí fọ́tò bá ti bọ́ sí yín lọ́wọ́, ojú yín á ré kọjá sọ́dọ̀ ọkọ̀ dúdú tó ń rú èéfín láàárín, ẹ ó sì fi ohun tó wà létí sílẹ̀. Àwọn kan nínú yín tilẹ̀ ń gé etí náà dànù kí ẹ́ńjìnnì lè tóbi! Etí yẹn gan-an ni ẹ̀rí wà.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Wọ́n gbé fọ́tò afárá irin wá, odò ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀, ẹ́ńjìnnì kékeré kan dúró lórí rẹ̀. Ẹni tó ni ín ní, "Abẹ́òkúta nìyí, 1890." Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ojú irin yìí láti Ìdó l'Ékòó. Ìparí ọ̀rúndún yẹn ló tó dé ọ̀dọ̀ wa l'Abẹ́òkúta, nígbà tó sì di 1901 wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn. Kò sí bí ọkọ̀ ojú irin ṣe lè gun afárá nílẹ̀ Ẹ̀gbá ní 1890. Bó bá jẹ́ afárá Aró lórí Odò Ògùn ni lóòótọ́, ẹ ti mọ ọdún tí fọ́tò náà kò lè ṣáájú. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ẹ má fún fọ́tò lórúkọ nítorí pé ẹni tó gbé e wá jẹ́ àgbàlagbà.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá mú awò asọǹkan-di-ńlá, kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ìjọba Èkó ló kọ́kọ́ ni rélùwéè yìí. Ní 1912 ni wọ́n pa á pọ̀ mọ́ ti Báró sí Kánò, tó di ti Nàìjíríà. Ní 1955 ló di Nigerian Railway Corporation. Bí ẹ bá rí lẹ́tà tàbí orúkọ kan lára ọkọ̀, ẹ fi wé àwọn ọdún wọ̀nyí. Àmọ́ ẹ rọra o, nítorí ọ̀dà kì í ṣí lára irin lọ́jọ́ tí ìjọba bá yí orúkọ padà. Orúkọ àtijọ́ lè wà lára wágọ́ọ̀nù fún ọdún púpọ̀, nítorí náà orúkọ tuntun ni ẹ̀rí tó lágbára. Ibi tó bá ti wà, fọ́tò náà kò lè ṣáájú ìyípadà.

Ẹ ka ẹsẹ̀ irin ẹ́ńjìnnì náà pẹ̀lú. Ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní River, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọlé ní 1948, tí Vulcan Foundry ní England wà lára àwọn tó rọ ọ́, ní ẹsẹ̀ kékeré kan níwájú, ńlá mẹ́rin tẹ̀ lé e, kékeré kan lẹ́yìn, bí ẹ bá kà á ní ẹ̀gbẹ́ kan. Orúkọ àwọn odò ni wọ́n fi sọ wọ́n. Ẹ̀yà mìíràn tún wà tí ẹsẹ̀ wọn tò bẹ́ẹ̀ kó tó di pé River dé, nítorí náà kíka ẹsẹ̀ á dín iye ohun tó lè jẹ́ kù, ṣùgbọ́n kò ní parí ẹjọ́. Ohun tí yóò parí ẹjọ́ ni orúkọ tàbí nọ́ńbà tí ẹ bá kà lára rẹ̀. Bí nọ́ńbà bá sì kọjú sẹ́yìn, ẹni tó tẹ fọ́tò ló da ojú awo gíláàsì tí wọ́n fi yà á dé. Ẹ yí i padà kí ẹ tó máa bá ara yín jiyàn lórí apá ibi tí odò wà.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, torí mo ti rí i tí àwọn kan fi kọ̀ǹpútà kun ẹ́ńjìnnì ọdún 1900 ní pupa, tí wọ́n kun aṣọ àwọn lébìrà ní búlúù, tí wọ́n sì ní ìtàn nìyẹn. Púpọ̀ nínú awo gíláàsì ayé ìgbà náà kì í rí pupa rárá. Ohun pupa á jáde ní dúdú, ojú ọ̀run tó mọ́ rekete á jáde ní funfun báláú. Ilẹ̀ pupa wa yìí, tí ẹsẹ̀ gbogbo wa mọ̀, máa ń ṣókùnkùn nínú wọn. Ta ló wá sọ fún kọ̀ǹpútà pé pupa ni ẹ́ńjìnnì tó rí dúdú yẹn, pé kì í ṣe dúdú tàbí àwọ̀ ilẹ̀? Bẹ́ẹ̀ náà ni èéfín àti eré. Ọ̀pọ̀ awo náà kò yára tó, ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi sábà máa ń dúró jẹ́ẹ́ tí àwọn ènìyàn sì máa ń dúró gbagidi. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá ṣe bàìbàì, ó mira ni. Bí ẹ bá fẹ́ kun àwọ̀, ẹ kùn ún sí ẹ̀dà, kí ẹ kọ ọ́ sí i gàdàgbà pé ẹ̀yin lẹ kùn ún.

Nípa ìtọ́jú, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹ di gíláàsì mú létí bí ẹni di àwo ọbẹ̀ gbígbóná. Ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ ohun tó ya. Pẹ́ńsùlù rírọ̀ ni kí ẹ fi kọ̀wé sẹ́yìn fọ́tò, báírò á dé iwájú bópẹ́ bóyá. Bí ẹ bá ń ṣe síkáànù, ó kéré tán kó jẹ́ 600 dpi, kí ẹ sì fi àkọ́kọ́ pamọ́ láì fọwọ́ kàn án.

Ẹ má máa kọ ọ́ pé "òyìnbó ló yà á" nígbà tí ẹ kò mọ ẹni tó yà á. Àwọn adúláwọ̀ ti ń ya fọ́tò l'Ékòó láyé yẹn. George da Costa wà, tí fọ́tò rẹ̀ wà nínú *The Red Book of West Africa* tí Allister Macmillan gbé jáde ní 1920. Walwin Holm, ọmọ Gold Coast, náà ní ilé iṣẹ́ fọ́tò l'Ékòó. Bí ẹ bá rí póòsìkáàdì, ẹ má fi ọjọ́ tó wà lórí sítáǹbù ṣe ọjọ́ tí wọ́n ya àwòrán. Ẹ̀dà àtijọ́ ni wọ́n sábà máa ń tẹ̀ ní àtẹ̀túntẹ̀.

Ogun Adùbí ti 1918, tí àwọn Ẹ̀gbá fi kọjú ìjà sí ìjọba òyìnbó, tún wà. A mọ̀ pé àwọn ará wa tú irin, wọ́n gé wáyà tẹligíráàmù, wọ́n sì ṣe ọṣẹ́ ní Wásinmi. Ó dára kí ẹ máa wá fọ́tò rẹ̀. Ohun tí kò dára ni kí ẹ rí irin wíwọ́ kankan, tí àgbàrá òjò ìbáà ti gbé lọ, kí ẹ pè é ní Adùbí nítorí ìtàn náà dùn.

Bí ẹ bá fẹ́ ohun tí ẹ ó fi wé tiyín, ẹ lọ sí Jaekel House ní Ẹ̀búté Mẹ́ta, ibi tí ẹgbẹ́ Legacy ti ṣe ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè. Ẹ lọ sí ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní Ìbàdàn. Àkójọ fọ́tò CO 1069 ti ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Kew, ẹ lè rí lára rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ gan-an ni ẹ ó ti rí i pé wọ́n kọ orúkọ gómìnà àti ẹnjiníà, wọn kò kọ orúkọ ẹni tó ń ju èédú síná.

Orúkọ yẹn ni iṣẹ́ yín. Àwọn bàbá tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè ṣì wà ní Láfẹnwá, wọ́n sì mọ ojú ara wọn. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ kí wọn dáadáa. Ẹ má gbé fóònù yọ láàárín ìkíni. Ẹ fi fọ́tò hàn wọ́n, kí ẹ dákẹ́, kí wọ́n fúnra wọn nawọ́ sí ẹni tí wọ́n mọ̀. Ẹ kọ ọ́ bí wọ́n ṣe pè é, ì báà jẹ́ orúkọ ìnagijẹ. Ẹ tún bi ẹlòmíràn léèrè láì sọ ohun tí ẹni àkọ́kọ́ wí. Ẹ má gba fọ́tò lọ sílé o! Ẹnìkan gba álíbọ́ọ̀mù lọ́wọ́ opó kan ládùúgbò mi, kò dá a padà, láti ìgbà náà ìyá yẹn kì í ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó bá sọ̀rọ̀ rélùwéè. Iwájú rẹ̀ ni kí ẹ ti ṣe ẹ̀dà, kí ẹ sì tẹ ọ̀kan fún un.

Ti ìsinsìnyí náà ń bẹ. Láti 2021 ni ojú irin tuntun ti ń gbé èrò láti Èkó sí Ìbàdàn, ibùdókọ̀ Wọlé Ṣóyínká sì wà ní Ládérìn fún wa. Ẹ gbàyè lọ́wọ́ ọ̀gá ibùdókọ̀ kí ẹ tó ya nǹkan kan, ẹ má sì dúró sáàárín irin, ọkọ̀ yìí kì í pariwo bíi ti àtijọ́. Bí ẹ bá ya ọkọ̀ náà tán, ẹ ya pátákó orúkọ, ẹ ya ọmọbìnrin tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì bó bá gbà, kí ẹ bi í pé kí lorúkọ rẹ̀.