BÍ ÀWỌN OHUN KÍKÉRÉ TI Ń TO ARA WỌN LẸ́SẸẸSẸ LÓRÍ IRIN

Àgbẹ̀ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í gbé àdá kalẹ̀ láìnù nígbà tí ó bá ti oko dé. Yóò fọ ẹrẹ̀ àti oje igi kúrò lára rẹ̀, yóò nù ún gbẹ, yóò sì fi àkísà tí ó ní òróró díẹ̀ pa á lára. Bí omi bá ta sí irú àdá bẹ́ẹ̀, kì í tẹ́ lórí rẹ̀. A máa ṣù bí ìrì orí ewé kókò, a sì yí dànù. Síbẹ̀, òróró tí ó wà níbẹ̀ lè kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò fi ní rí i. Kí ni ó ń lé omi náà?

1. Orí àti Ìrù. Òróró, gẹ́gẹ́ bí omi, jẹ́ àkójọ àwọn ẹyọ kíkéré tí ojú kò lè rí. Mólékù ni orúkọ wọn. Nínú òróró èso àti ọ̀rá ẹran, a máa ń rí àwọn mólékù kan tí wọ́n gùn, tí wọ́n sì tẹ́ẹ́rẹ́. Wọ́n ní orí, wọ́n sì ní ìrù. Orí a máa dì mọ́ irin. Ìrù a máa sá fún omi, ṣùgbọ́n a máa fà mọ́ ìrù ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Láti inú ìwà méjì yìí ni gbogbo ètò náà ti jáde wá.

2. Bí Wọ́n Ti Ń Tò. Àwọn mólékù tí ó kọ́kọ́ dé orí irin mímọ́ a máa nà gbalaja, bí ẹni tí ó kọ́kọ́ dé orí ẹní ní ilé àlejò. Nígbà tí àwọn mìíràn bá ń dé, àyè a fún. Olúkúlùkù a dìde, orí a wà nísàlẹ̀, ìrù a sì wà lókè. Wọn a dúró gbágbáágbá, gbogbo wọn a sì lè tẹ̀ sí apá kan náà, bí àgbàdo tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Kò sí ẹni tí ń pàṣẹ fún wọn. Agbára ìrù kan kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n àjèjì ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí, ọ̀pọ̀ ìrù tí ó fara mọ́ra a di odi líle.

Kì í ṣe pé wọn kò ń ṣi ẹsẹ̀ gbé. Èyí tí ó bá dúró sí ibi tí kò yẹ lè tú, kí ó sì lọ wá ibòmíràn. Ìtúdì àti ìtúndì yìí ni ó ń mú kí ìlà wọn gún. Nígbà tí irin bá kún tán, iṣẹ́ parí. Nítorí pé ìrù nìkan ni ó kù lókè, orí tuntun kò sì rí ibi dì mú. Ìdí nìyí tí ìpele náà fi jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Bí a bá to irú rẹ̀ 400,000 lé ara wọn, gíga wọn yóò jẹ́ bí mílímítà 1.

3. Àwọn Olùwádìí. Ní ọdún 1946, William Zisman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ní ilé ìwádìí ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ní Washington ròyìn ohun ìyanu kan. Wọ́n po ìwọ̀nba díẹ̀ nínú mólékù olórí mọ́ òróró tí kò ní irú orí bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ri irin plátínọ́mù mímọ́ bọ inú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fà á yọ, gbígbẹ ni ó jáde láti inú òróró! Ìpele tí ó ti tò sára rẹ̀ kò gba òróró náà láyè láti lẹ̀ mọ́ ọn.

Ní ọdún 1983, Ralph Nuzzo àti David Allara, ní Amẹ́ríkà bákan náà, lo mólékù tí imí ọjọ́ wà ní orí rẹ̀, nítorí imí ọjọ́ a máa dì mọ́ wúrà gidigidi. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni irú mólékù bẹ́ẹ̀ ń bo wúrà; ṣùgbọ́n kí ìlà wọn tó gún dáradára, ó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí. Lónìí, a ń lo irú ìpele yìí nínú ẹ̀rọ tí ń ṣe àyẹ̀wò ohun tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀.

4. Ẹ̀kọ́ fún Àgbẹ̀. Irin gbọ́dọ̀ mọ́ kí ètò yìí tó lè wà. Bí ẹrẹ̀, òógùn tàbí ìpẹtà bá ti gba ojú irin, orí mólékù kò ní rí ibi dì mú, ọ̀rinrin yóò sì máa jẹ irin náà lábẹ́ òróró. Nítorí náà, ẹni tí ó da òróró púpọ̀ sórí àdá eléèrí ti fi òróró ṣòfò, kò sì gba àdá là. Fífọ̀ ni ó ṣáájú, gbígbẹ ni ó tẹ̀ lé e, òróró ni ó kẹ́yìn. Kí a má sì ṣe gbàgbé pé igi àti òkúta ń ha ìpele náà kúrò. Ẹyọ kan kò sì tó láti dènà ìpẹtà ní gbogbo ìgbà òjò. Ojoojúmọ́ tí a bá lo àdá ni kí a tún un ṣe.

ÌBÉÈRÈ. (1) Kí ni ó mú kí ìpele náà dúró ní ẹyọ kan? (2) Kí ni ó ń mú kí ìlà àwọn mólékù gún? (3) Èéṣe tí a fi ń fọ àdá kí a tó fi òróró pa á?