Táyà Tẹ́ẹ́rẹ́ fún Píkọ́ọ̀pù
Ọ̀pọ̀ gbà pé táyà tó fẹ̀ ló yẹ píkọ́ọ̀pù nínú ẹrẹ̀. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ wo 235/85R16 àti 265/75R16: gíga wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ṣùgbọ́n ìbú èkíní fi mílímítà 30 kéré sí ti èkejì. Ìwúwo ọkọ̀ wá dà lé àyè kékeré. Táyà á la ẹrẹ̀ já, á sì bá ilẹ̀ líle. Inú ẹrẹ̀ tí kò nísàlẹ̀ ni èyí tó fẹ̀ ti wúlò. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ìbú ríìmù bá a mu, àti bóyá ó lè gbé ẹrù yín. Bí fọ́káńáísà bá de nọ́ọ̀tì kan, kí ó bọ́ sórí èyí tó kọjú sí i, kí ríìmù lè jókòó dáadáa.