Bí Ìbọn Ṣe Ń Gba Ọta, Bí Ó Ṣe Ń Tu Kòròfo

Ẹni tí ń jẹ àgbálùmọ̀ gbọ́dọ̀ tu kóró dànù kí ó tó mú òmíràn sẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìbọn ogun. Ó gbọ́dọ̀ gba ọta kíákíá, kí ó sì tu kòròfo ọta dànù kíákíá. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá ṣòro, ẹni tó gbé e wà nínú ewu.

Ẹ jẹ́ kí a wo Ogun Kírìjì. Ìbàdàn bá Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà jà láti ọdún 1877 títí wọ́n fi fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886. Ṣakabùlà ni ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Ìbàdàn gbé lọ. Àwọn ọdẹ kan ṣì ń lò ó, ará Apẹtẹ lè ti rí i. Ẹnu rẹ̀ ni à ń gbà kì í. A ó da ẹ̀tù sí i, a ó fi ọta sí i, a ó sì fi ọ̀pá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kí a tó ṣe tán, ọ̀tá ti dé tòsí! Bí òjò bá sì pa ẹ̀tù, ìbọn kò ní dún.

Nígbà tí ogun ń lọ, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà l'Ékòó fi ìbọn òyìnbó ránṣẹ́ sílé. Snider wà nínú wọn. Ìdí ni à ń gbà kì í. Ẹ̀tù àti ọta wà pọ̀ nínú èèpo kan. Ẹni tó dùbúlẹ̀ náà lè kì í. Ìyà jẹ Ìbàdàn gan-an.

Síbẹ̀, Snider ní àléébù. Kì í tu kòròfo dànù fúnra rẹ̀. Ẹni tó yìn ín ní láti ṣí ìdérí rẹ̀, kí ó fà á sẹ́yìn, kí ó sì yí ìbọn dà kí kòròfo tó jábọ́.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá ṣe Martini-Henry. Bí a bá tẹ irin abẹ́ rẹ̀ wálẹ̀, kòròfo á fò jáde. Ó dára lójú, àbí? Ṣùgbọ́n idẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a ká bíi bébà ni wọ́n fi ṣe èèpo ọta rẹ̀. Ní Abu Klea, ní ilẹ̀ Sudan, ní oṣù kìíní ọdún 1885, iyanrìn àti ooru bá a jà. Èèpo ya, ìbọn púpọ̀ sì há mọ́ ọmọ ogun lọ́wọ́. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n yí sí èèpo idẹ tó le, tí kò ní ojú ìsopọ̀.

Ohun tó ṣiṣẹ́ dáadáa nínú ilé àgbẹ̀dẹ lè kọ iṣẹ́ nínú ẹrẹ̀. Kí a tó yin irinṣẹ́ kan, ìbáà ṣe ìbọn, ìbáà ṣe ẹ̀rọ ìlọta, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè pé: níbo ni a ó ti lò ó?

Ìbéèrè
1. Ibo ni à ń gbà kì ṣakabùlà?
2. Kí ni àléébù Snider?
3. Kí ló mú Martini-Henry há?