Ẹ̀KỌ́: KÍ LÓ Ń LÉ OYIN KÚRÒ NÍNÚ ÀPÓTÍ?

Láti Fìdítì dé Ìlọrà, ẹni tó bá ní oko ọsàn mọ̀ pé oyin kì í jìnnà sí òdòdó ọsàn. Ẹni tó bá sì gbé àpótí oyin sí oko lè rí owó ilé-ìwé ọmọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, a ó dé oko, a ó bá àpótí lófìfo. Ẹlòmíràn á ní aráyé ló ṣe é, á bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ìyá àgbà tí oko wọn jọ pààlà. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ inú àpótí wò. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Kòkòrò wo ni?
Varroa ni orúkọ rẹ̀. Ó dà bí eégbọn, ó pupa rúsúrúsú, fífẹ̀ rẹ̀ kò tó mìlímítà 2. Ara oyin ilẹ̀ Éṣíà ló ti wá. Ní ọdún 2012, àwọn olùwádìí kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti wà ní ìhà gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Abo rẹ̀ a máa wọ ihò afárá kí àwọn oyin tó fi ìda dé e. Níbẹ̀ ni yóò yé ẹyin sí, tí òun àti ọmọ rẹ̀ yóò máa fa oje ara ọmọ oyin mu. Ihò akọ oyin ló fẹ́ràn jù. Ó tún ń kó àrùn ràn wọ́n, tí ìyẹ́ wọn fi ń ká kò, tí wọn kò fi lè fò.

Oyin ilẹ̀ wa lágbára, wọ́n ń ha á kúrò lára. Nítorí náà, ẹ wo èèrà, ebi àti ooru pẹ̀lú. Àwọn náà ń lé oyin.

Báwo ni a ó ṣe yẹ̀ ẹ́ wò?
1. Ẹ gbọn oyin bí 300, ìyẹn ìdajì kọ́ọ̀pù, sínú ìgò tí ìdérí rẹ̀ jẹ́ àwọ̀n. Kí ìyá oyin má sí níbẹ̀.
2. Ẹ da ṣúgà tí a lọ̀ kúnná lé wọn. Ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ wá gbọn ìgò náà sórí àwo funfun tó ní omi. Ṣúgà á yọ́, kòkòrò á hàn. Ẹ dá oyin padà láàyè.
3. Bí kòkòrò bá tó 9, ó ti pọ̀ jù.

Kí ni kí a ṣe?
Ẹ gé afárá akọ oyin tí wọ́n ti dé, kí ẹ kó o jìnnà. Ẹ fi gíríìsì pa ẹsẹ̀ àpótí nítorí èèrà. Ẹ má kó gbogbo oyin tán. Ẹ fi oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn. Ẹ má ṣe fín ọtapiapia sínú àpótí láéláé. Yóò pa oyin, yóò wọ inú ìda, ẹnu ọmọ wa ni yóò sì parí sí.

Ìbéèrè
1. Kí ló dé tí a fi ń gé afárá akọ oyin?
2. Bí àpótí aládùúgbò rẹ bá ṣófo, kí lo máa bá a yẹ̀ wò kí ó tó fẹ̀sùn kan ẹnìkan?