Ẹ Má Dákẹ́, Ẹ̀yin Ọmọ Àgùdà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ń wí pé iṣẹ́ Fadá ni ìwàásù, tiyín ò ju kẹ́ ẹ lọ sí Mísà. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Nígbà tí Fadá Borghero dé Èkó ní 1863, ó bá àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà wálé níbẹ̀. Bàbá Antonio, tó ti ṣẹrú rí, ló ń kó wọn jọ gbàdúrà. Kì í ṣe àlùfáà, kò lè ṣe Mísà, ṣùgbọ́n ó ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, ó sì ń ṣèrìbọmi fún àwọn ọmọ wọn. Ọdún 1868 ni Fadá Bouche tó wá fìdí kalẹ̀. Ká ní Antonio jókòó de Fadá ńkọ́?

N ò ní kẹ́ ẹ máa pariwo nínú bọ́ọ̀sì o. Ariwo a máa lé èèyàn sá. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rẹ́ yín bá bi yín ìdí tẹ́ ẹ fi ń gba Rosárì, ẹ má fẹ̀rín bò ó. Ẹ sọ ohun tí Jésù ṣe fún yín. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ẹ lọ bá a jókòó, ẹ bi í bóyá ẹ lè bá a gbàdúrà. Bó bá kọ̀, ẹ bá a fọ abọ́ tó wà nílẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ ní kó bá yín lọ sí Mísà, kẹ́ ẹ sì jókòó tì í, torí ìdìde-ìkúnlẹ̀ wa yẹn máa ń dàrú mọ́ àlejò lójú.